Ẹ̀yìn Mọ́tò Bàbá Rẹ Tó Fì Sápá Òsì

Inú mọ́tò bàbá rẹ,
Lábẹ́ igi máńgòrò wa,
Ìfọ̀nyìn.

Ẹ̀níọlá mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo bí lọ́sàn-án gangan tí oòrùn sì dúró wò,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Èmi wà. Orúnkún ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn mí rárá, nítorí náà wá ibì kan jókòó sí kí o gbọ́ mi.

Ìjókòó iwájú lápá ọ̀tún, ibi tí mo ti máa ń jókòó láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó tuntun, ni mo wà tí mo ń kọ ìwé yìí. Oòrùn ń yọ́ gba àárín ewé máńgòrò, ó ń gba dígí wọlé, ó ń jó lórí ìwé mi débi pé n kò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti èyí tó jẹ́ òjìji ewé. Àdàbà kan ń ké lókè, kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́. Bí mo bá di ojú mi díẹ̀, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ọ̀pẹ á máa kọjá lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ á máa kọjá lósì, òórùn epo tuntun á máa bọ̀ láti ẹ̀yìn, bàbá rẹ á sì máa yí fọláàn tó fi ń darí rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ro ọkà fún àlejò. Bí mo bá la ojú, a kò tí ì kúrò lójú kan.

Mùsé tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní kí n máa sọ ọ́, kí òun bá mi kọ ọ́ ní Faransé tó gún régé. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo bí i?" Ó bá tirẹ̀ lọ. Ìwé tí mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó mi í bá ọmọ mi sọ̀rọ̀.

Bọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí portábù, fóònù ọwọ́ mi, ni mo bá wá.

O ní, "Màmá, wọ́n ti gbé mi lọ sí Parakú, ilé ìwòsàn ńlá ni, iṣẹ́ agbẹ̀bí gan-an ni wọ́n fún mi." Inú mi dùn, mo fò sókè, ìwọ náà gbọ́ ariwo mi. O ní, "Ẹ fún wa ní mọ́tò Bàbá, ká fi kó ẹrù wa lọ, ká sì máa lò ó níbẹ̀." Inú mi ṣì ń dùn. Lẹ́yìn náà lo wá ní, "Àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ̀, Màmá, ó tún fì sápá òsì bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ọkọ mi ní àwọn máa fi irin kan lára kámíọ̀n akẹ́rù sí i, yóò gbé e sókè, kò ní í pẹ́ rárá."

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀yìn mọ́tò yẹn."

O ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ná..."

Mo pa portábù. Kì í ṣe ìbínú. Rárá, ìbínú ni, kí ni mo ń purọ́ sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá jókòó sínú rẹ̀ lọ́sàn-án, tí mo ń rò ó. Ṣé n ó fún yín ni, àbí n kò ní í fún yín? Ìparí ìwé yìí ni n ó sọ ọ́. Má ṣí i lọ wò ní ẹ̀yìn. Mo mọ̀ ọ́, láti kékeré lo ti máa ń jẹ ẹran kí o tó fọwọ́ kan iyán.

O mọ̀ pé báṣé ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí aṣọ líle tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Iwájú fún èèyàn, ẹ̀yìn fún ẹrù. Ó ti wà nílé yìí kí a tó bí ọ. Ó dúdú bí aró nígbà kan. Nísinsìnyí ó dà bí òfuurufú ìgbà ọyẹ́. Òun la fi ń kó epo pupa láti Bánígbé àti Dáàgbé lọ sí Àjàṣẹ́. Ohun tó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró ni wọ́n ń pè ní rẹsọ́: àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò léra bí ewé tí a fẹ́ fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tó bá rẹ ọrun náà, á tẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀yìn mọ́tò á wọ̀. Gbogbo àṣìṣe tí èèyàn lè ṣe lórí irin yìí, èmi àti bàbá rẹ ti ṣe é tán. Ẹ má wulẹ̀ tún ṣe wọ́n mọ́. Ẹ wá tuntun ṣe.

Àkọ́kọ́, wo ilẹ̀ kí o tó wo mọ́tò.

Ìyàwó tuntun ni mí. Mo jáde láàárọ̀, mo rí i pé mọ́tò ti fì. Mo figbe ta. Bàbá rẹ ń mu gàrí lọ́wọ́, ó sáré jáde tòun ti ṣíbí. A ránṣẹ́ sí Láhàn, tí o mọ̀ sí Bàbá Mẹkaníkì lónìí. Nígbà náà irùngbọ̀n kò tí ì hù ú. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó pẹ́ níbẹ̀ títí mo fi rò pé ó ti sùn. Nígbà tó jáde, ó gbọn eruku nù.

Ó ní, "Ìyàwó, rẹsọ́ yín kò ṣe nǹkan kan."

Mo ní, "Ojú mi ló ń ṣe nǹkan nígbà náà?"

Ó ní, "Ojú yín dáa. Ilẹ̀ yín ni kò dáa. Ojú ọ̀gbàrá lẹ gbé mọ́tò sí. Ẹ bá mi tì í síbí."

A tì í síwájú díẹ̀, ó sì tọ́ ṣánṣán. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí gàrí fi gba imú rẹ̀ jáde. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Àbẹ̀kẹ́, Parakú kì í ṣe Ìfọ̀nyìn. Wọn kò kí èèyàn bí a ṣe ń kí i. Obìnrin ibẹ̀ lè máa rọbí kó má pariwo, ìwọ á sì rò pé kò tí ì tó àkókò. Ọkọ rẹ náà, ilé tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà yàtọ̀ sí tiwa. Bí o bá rí ohun tó wọ́, má tètè figbe ta. Kọ́kọ́ wo ibi tí ìwọ fúnra rẹ dúró sí. Bóyá ojú ọ̀gbàrá lo wà.

Èkejì kò gùn. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ lóòótọ́, bàbá rẹ já pòpórò àgbàdo kan, ó fi í wọn láti àárín táyà dé etí irin tó bo táyà. Apá ọ̀tún, pòpórò dúró dáadáa. Apá òsì, ó kọ̀, kò wọlé. Tọ́ntọ̀n rẹ, àbúrò bàbá rẹ, tí kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé, ní, "Amọtisẹ́ ló kú. Ẹ ra tuntun." A rà á l'Ájàṣẹ́, ó ń dán bí ojú ẹja tútù. A fi í sí i. Mọ́tò kò gòkè bí irun orí. Ṣé o mọ̀ pé amọtisẹ́ kì í gbé ẹrù? Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa rẹ mọ́tò lẹ́kún, kó má máa fò sókè-sódò tó bá jìn sí kòtò. Ó dára, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n rẹsọ́ ló ń gbé ẹrù. Ọ̀rọ̀ dídùn láàárín tọkọtaya, amọtisẹ́ ni. "Olólùfẹ́ mi, má bínú," amọtisẹ́ ni. Ẹni tó dìde lọ pọnmi nígbà tí ara ń ro ẹnìkejì, òun ni rẹsọ́. Ẹ ní méjèèjì. Ṣùgbọ́n tí ilé bá ń wọ̀, ẹ má lọ ra ọ̀rọ̀ dídùn kún ọ̀rọ̀ dídùn.

Wàyí o, irin kámíọ̀n tí ọkọ rẹ sọ. Jẹ́ kí n mu omi ná.

Ó dára. Oyún rẹ wà nínú mi nígbà náà. Bàbá rẹ lọ gba irin kan tó nípọn lára kámíọ̀n àgbà tó kú, ó ní kí Láhàn fi í sáàárín tiwa, lọ́tùn-ún lósì. Ha! Ẹ̀yìn mọ́tò ga sókè. Nígbà tí a di epo kún inú rẹ̀, ó tẹ́jú bí omi inú àwo. Bàbá rẹ ń yí i po, ó ń fọwọ́ pa á, ó ní, "Àjọkẹ́, wò ó! Ó ti di ọ̀dọ́." A gbé epo dé Àjàṣẹ́, a já a, a kọrí sílé pẹ̀lú ẹ̀yìn òfìfo. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, eyín mi ń lu eyín. Irin tí wọ́n ṣe fún ẹrù kámíọ̀n, kí ni òfìfo wa jẹ́ lójú rẹ̀? Ó kọ̀, kò tẹ̀. Òkúta tó bá tó ẹ̀wà, mo mọ̀ ọ́n lára. Ìwọ náà ń ta mí nípàá nínú pé kí ló dé.

Bí a ṣe súnmọ́ Ìgólò báyìí, dùáníẹ̀ kan na ọwọ́. Aṣọ́bodè ni, ọkùnrin gíga, ó ń jẹ ẹ̀pà. Kò wo ojú wa, ẹ̀yìn mọ́tò ló lọ wò.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí, kí ló gbé ìdí mọ́tò yín sókè bí ti ewúrẹ́ tó ń wá ọkọ?"

Bàbá rẹ ní, "Ọ̀gá, a tún un ṣe ni."

"Àwọn oníkpáyò tó ń ṣe fàyàwọ́ epo mọ́tò ló ń tún un ṣe báyẹn. Tí wọ́n bá di ẹ̀sáǹsì kún un, á tẹ́jú, ẹni tó bá wò ó kò ní í mọ̀ pé ẹrù wà níbẹ̀. Tó bá wá ṣófo, ìdí á yọ síta. Níbo lẹ já a sí?"

"Epo pupa la gbé, ọ̀gá."

"Epo pupa ọ̀hún dà?"

"A ti tà á."

"Wualà! Gbogbo yín lẹ ti máa ń tà á."

Ó ní ká pa mọ́tò, ká dúró de ọ̀gá òun. Ìgbà wo ni ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀? Kò mọ̀. Oòrùn mú. Bàbá rẹ ń bẹ̀ ẹ́, ó tún ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń ro. Èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ tòun ti oyún mi, mo gun ẹ̀yìn mọ́tò, mo jókòó, mo na ẹsẹ̀.

Dùáníẹ̀ ní, "Ìyàwó, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Bó bá jẹ́ pé gíga rẹ̀ ló ń bí yín nínú, n ó jókòó lé e títí yóò fi wálẹ̀."

Àwọn obìnrin ń ti ọjà Ìgólò bọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń rìn, wọ́n ru igbá ọjà. Mo kígbe sí wọn, "Ẹ wọlé o! Ìfọ̀nyìn là ń lọ! A kò ní í gba nǹkan kan!" Ta ni yóò tún rìn? Wọ́n ń gùn ún, wọ́n ń bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó, ṣé ìgbéyàwó ni àbí ìsìnkú?" Mo ní, "Òṣùwọ̀n ni. Ẹni tó bá sanra kó wá sí ẹ̀yìn pátápátá." Ìyá kan tó tóbi bí àká gun orí rẹ̀, mọ́tò ní "hùùn," ó sì wálẹ̀. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ rí mi bí? Ọkọ mi ní n kò wúlò!"

Dùáníẹ̀ rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dijú kan, ó wò ó. Ó ti tẹ́jú. Ó tu èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n, Ìyàwó, ẹ lọ yọ irin yẹn o. Ó ju ẹrù yín lọ."

Ó dùn mí pé òótọ́ ló sọ.

Nítorí náà, Ẹ̀níọlá, gbọ́. Ẹni tó bá gbé ara rẹ̀ ga ju ẹrù tó rù lọ, àwọn èèyàn á máa bi í pé kí ló jí. O dé ibi iṣẹ́ tuntun, àwọn obìnrin tó ti ń gbẹ̀bí kí wọ́n tó bí ọ wà níbẹ̀. Má fi irin kámíọ̀n sí èjìká rẹ. Gbé e sí ìwọ̀n iṣẹ́ tí o mọ̀. Iṣẹ́ náà á pọ̀ sí i, ìwọ náà á ga sí i, kò sẹ́ni tí yóò dá ọ dúró lọ́nà. Kí o sì sọ fún ọkọ rẹ pé mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kó dá irin kámíọ̀n rẹ̀ padà síbi tó ti rí i.

Èwo ló kù? Mo ti sọ iye rẹ̀ nù. Àdàbà yẹn ń gbé mi sùn.

Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ni. A yọ gbogbo irin náà, a gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kan ní Kò-Kúmólú. Kò gbé tuntun sí i. Ó ní irin tiwa dára, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ń fi í sínú iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lù ú, ó ń dá ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ padà bí ọrun. Mo rò pé inú omi ni yóò rì í sí. Ó ní, "Rárá o, ìyá. Omi á mú un le gan-an, á sì máa kán bí ìkòkò. Òróró ló ń mú un rọ̀ díẹ̀." Ó rì í sínú òróró, èéfín bò wá, n kò rí bàbá rẹ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí tó na sí mi kí n má ṣubú. Mo ṣì máa ń rí ọwọ́ yẹn. Tí ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọkọ rẹ bá gbóná, má da omi sí i. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ọkọ bá ti ń bínú, wọ́n á dákẹ́ bí òkúta odò, wọ́n á ní àwọn ń ṣe sùúrù. Omi tútù nìyẹn, inú á kán. Wá ọ̀rọ̀ òróró. Jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ dè é padà, èmi ni mo bà á jẹ́. Kírìkì gbé mọ́tò sókè, wọ́n ti fi igi ńlá tì í lábẹ́, àwọn táyà ń rọ̀ lófuurufú. Ní ìpẹ̀kun irin náà, rọ́bà wà nínú ihò tí búlọ́ọ̀nù, bóòtù tó dè é mọ́ mọ́tò, ń gbà kọjá. Láhàn ní ká dè é wọ́ọ́rọ́wọ́, ká sọ mọ́tò kalẹ̀ ná, ká di ẹrù sí i, ká tó fún un le. Mo ní, "Ọjà ń tú! Epo ń dúró! Fún un báyìí!" Mo dúró lé e lórí títí ó fi fún un tán lókè níbẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí kérora bí arúgbó tó ń jókòó. Rọ́bà ti ya. O rí i, bí o bá fún un nígbà tí táyà ń rọ̀, rọ́bà á gbà pé bí òun yóò ṣe máa wà láyé nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá kan ilẹ̀ tí ẹrù sì dé e, á lọ́ra lọ́rùn.

A ra rọ́bà mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ títẹ́jú ni a gbé mọ́tò sí, a sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, a di kẹ́ẹ̀gì epo sí ẹ̀yìn bí ẹni ń lọ sọ́jà. Bàbá rẹ ní òun fúnra òun ni yóò fún un. Ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Àjọkẹ́, gòkè lọ jókòó sí àyè rẹ."

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

Ó ní, "O wà nínú ẹrù mi."

Mo jókòó. Oyún rẹ wà lórí itan mi bí igbá. Afẹ́fẹ́ kékeré ń fẹ́ láti oko ọ̀pẹ, gbogbo ilé dákẹ́. Mo ń gbọ́ kílé irin tó fi ń fún un nísàlẹ̀, krí, krí, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."

Krí, krí.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Níbo ni n ó lọ?"

Ọmọ mi, mo ti jẹ, mo ti mu, mo ti jó láyé. Bí wọ́n bá ní kí n mú wákàtí kan padà, èyí ni n ó mú.

Ìwọ àti ọkọ rẹ ti ń fún búlọ́ọ̀nù lókè. Mo gbọ́ ọ. "Màmá, a ti fẹnu kò: èmi kò ní í se oúnjẹ alẹ́ tí mo bá wà níbi iṣẹ́; òun kò ní í kó àwọn ẹbí rẹ̀ wálé; ọmọ méjì." Ó dára. Ẹ dè é wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹrù dé, kí ọmọ sunkún, kí àìsàn wá, kí ẹbí kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó wá fún un.

N ó sọ èyí tó jẹ́ ìdí tí mo fi pa portábù mọ́ ọ lẹ́nu.

O kò béèrè rí pé kí ló dé tó jẹ́ apá òsì ló fì sí. Apá òsì ni awakọ̀ ń jókòó. Apá ọ̀tún ni èmi. Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń di epo sí, gbogbo rẹ̀. Kò jẹ́ gbé ọ̀kan sẹ́yìn mi. Ó ní epo lè jò gba ìsàlẹ̀ dé ẹsẹ̀ mi, aṣọ mi á bàjẹ́. Mo ní, "Ẹ gbé e sáàárín." Ó ní, "Jókòó jẹ́jẹ́, Àjọkẹ́." Mo jókòó jẹ́jẹ́. Ó dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Bí a ṣe ń tún irin náà ṣe, bẹ́ẹ̀ ló tún ń tẹ̀ lápá òsì, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Bí èèyàn bá dúró lẹ́yìn wo mọ́tò yìí, ìfẹ́ tí ó fẹ́ mi ló ń wò. Tọ́ntọ̀n rẹ dé lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní ká tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù. Ó ní, "Ìyàwó wa, irin ni." Mo ní, "Ìwọ náà, egungun ni. Ṣé kí n tà ọ́?" Kò padà sọ ọ́ mọ́.

Ìwọ wá ní kí wọ́n gbé e sókè, kò ní í pẹ́ rárá. Ṣé o mọ ohun tí o ní kí wọ́n pa rẹ́?

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wá jókòó síbí lọ́sàn-án lọ́sàn-án, mo rí i pé mo ń yọ̀ lórí ìjókòó. Ara mi ń yọ̀ lọ sápá òsì, sí àyè rẹ̀ tó ṣófo. Mo wá rò ó. Ọkùnrin náà, èjìká òsì rẹ̀ wọ̀ ṣáájú kó tó kú. Mo rí i, mo fi òrí pa á, n kò ní kó gbé díẹ̀ sẹ́yìn mi. Kí ni aṣọ jẹ́? Ṣé a kì í fọ aṣọ ni? Ìfẹ́ tó ń di gbogbo ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dùn lójú ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń tẹ irin. Wàá rí i kí ọkọ rẹ fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ. Tàbí kó jẹ́ ìwọ ni yóò fẹ́ máa ṣe é fún un, nítorí o jọ bàbá rẹ. Ẹ dì í sáàárín. Kí epo ta sí yín láṣọ.

Wàyí o, o ti ní sùúrù, gba ẹran rẹ.

Mo ránṣẹ́ pe Láhàn. Ọmọ bíbí alágbẹ̀dẹ Kò-Kúmólú ló wà níbi iná bàbá rẹ̀ báyìí, ó dá ẹ̀yìn gbogbo irin náà tẹ̀ padà, ọ̀tún àti òsì pa pọ̀, nítorí ẹni tó bá tún ẹ̀gbẹ́ kan ṣe nìkan, ẹ̀gbẹ́ kejì ni mọ́tò yóò fì sí. Ọ̀kan lápá òsì ti kán. A fi irúfẹ́ rẹ̀ rọ́pò. Èyí tó kán ni mo ní kí alágbẹ̀dẹ fi rọ ọ̀bẹ méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, mo fi ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ìkejì wà nínú àpótí mọ́tò fún ọ, mo fi aṣọ wé e. Irin tó gbé ọ nígbà tí o wà nínú mi ni, má fi í ṣí agolo.

Mo ti fi pòpórò àgbàdo wọn ọ̀tún wọn òsì. Wọ́n dọ́gba. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo wò ó títí. N kò sunkún. Eruku wọ̀ mí lójú.

Mọ́tò ti di tiyín. Ṣùgbọ́n kò tí ì lè jáde lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí Láhàn má fún búlọ́ọ̀nù ìpẹ̀kun náà. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ó dè é sí. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń dúró de ẹrù. Ẹ wá, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ kó ìkòkò yín, bẹ́ẹ̀dì yín, ìwé yín, ẹ dì í sáàárín. Láhàn á dúró tì yín, á fi igi tì í kí ọkọ rẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ fún búlọ́ọ̀nù náà, nítorí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kírìkì láé. Ìwọ, gòkè wá jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí. N ó ti dìde.

Tó bá bi ọ́ láti ìsàlẹ̀ pé ṣé o wà níbẹ̀, má jẹ́ kó bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí o tó dáhùn.

Èmi ni,
Àjọkẹ́, ìyá rẹ, tó ṣì wà níbí.